Kíkùn àti Bíbó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Ìṣaralóge, Láti Orí Osùn Dé Ọjà Trade Fair

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà l'ẹwà. Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi gbà pé àwọn baba ńlá wa kò ka ọ̀ṣọ́ ara sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ṣọ́ ti jẹ Yorùbá lógún tó, kí ó tẹ́tí sí èdè náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá gba ọ̀nà èdè wọ inú ọ̀rọ̀ tí ó jọ pé ti àwọn obìnrin àti ti àwọn dókítà ni. Ọ̀rọ̀ náà kan ìlú Festac tí mo ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ó kan tábìlì ìṣaralóge ìyàwó mi, ó sì kan ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún ọ̀ṣọ́ ara. À ń kun osùn, à ń fi òrí para, à ń lé tìróò, à ń lé làálì, à ń bu àtíkè sójú, a sì ń kun ètè. Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀: wọ́n ń fi nǹkan lé ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, omi àti ọṣẹ yóò kó ọ̀ṣọ́ lọ, ara yóò sì wà bí ó ti wà. Kódà bùjé, omi èso tí àwọn ọmọge àtijọ́ fi ń ya ara wọn, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni dúdú rẹ̀ ń lò kí ó tó ṣá. Làálì náà a máa ṣá. Ilà kíkọ àti fínfín ni kì í lọ, ṣùgbọ́n àmì ìdílé àti ti ìlú ni ilà. Ìdánimọ̀ ni ó ń fi kún ara, kò gba àwọ̀ ẹni lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kò bá àwọn wọ̀nyí tò. Ọ̀rọ̀ náà ni bó. À ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, à ń bó ẹ̀wà tí a fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọdé lára, a ó ní omi gbígbóná bó o. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ènìyàn wa mú lò nígbà tí ìpara tí ń sọ dúdú di pupa dé: wọ́n ní lágbájá ń bóra. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn ará ọjà àti ará àdúgbò ni wọ́n wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Lára páálí ìpara ni a ti ń kà á pé ó ń mú ara tàn, pé ó ń mú àwọ̀ dọ́gba. Lẹ́nu Yorùbá ni a ti gbọ́ pé ó ń bó ara.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí Yorùbá ti fẹ́ràn pupa láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi bò. A ń ki obìnrin tí ó pọ́n ní apọ́nbéporé. Ṣùgbọ́n a tún ń ki èyí tí ó dú ní adúmáadán, ẹni tí ó dúdú tí dúdú rẹ̀ ń dán. Oríkì ni méjèèjì. Kò sí èyí tí ó jẹ́ èébú níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí ohun tí a fi pupa wé: epo pupa ni, èyí tí gbogbo ilé ń sè. A kì í pe ọmọ Yorùbá tí ó pọ́n ní funfun. Àfín ni àwọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ó ti wù kí apọ́nbéporé pọ́n tó, inú àwọ̀ tiwa ni ó wà.

Ohun tí ó wà nílé kí ìgò tó dé

Kí ni àwọn ohun tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú ara? Osùn ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Igi méjì ni ó ń fún wa ní àtè pupa yìí. Ọ̀kan ni igi osùn, tí àwọn onímọ̀ ewéko pè ní Pterocarpus osun. Ẹ rí i pé orúkọ Yorùbá wà nínú orúkọ tí gbogbo àgbáyé mọ igi náà mọ́. Èkejì ni ìrosùn, tí wọ́n ń pè ní Baphia nitida. Wọ́n máa ń lọ inú igi náà pẹ̀lú omi lórí ọlọ títí yóò fi pọ́n tí yóò sì kúnná. A fi ń kun ọmọ tuntun, ìyá ìkókó àti ìyàwó tí ó ń lọ ilé ọkọ. Kí aró inú ilé iṣẹ́ tó dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń ra irú igi bẹ́ẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ wọn, láti fi pa aṣọ láró pupa.

Òrí ni èkejì. Igi èmi ni ó ń so ó, igi náà sì pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Ṣakí àti Ìgbòho títí wọ Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣa èso rẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi lù ú títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Ní ọdún 1796, nígbà tí Mungo Park rin ìrìn àjò lọ sí odò Ọya, ó rí bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe òrí, ó sì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1799. Lónìí, òrí wà nínú ìpara olówó ńlá káàkiri ayé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé kí wọ́n dá kíkó èso rẹ̀ tútù lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù 6, kí iṣẹ́ àti èrè rẹ̀ lè kù sílé.

Ọṣẹ dúdú ni ẹ̀kẹta. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń fi omi sẹ́, tí a ń po omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ àdín, tí a sì ń sè títí yóò fi dì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ohun tí a bó kúrò lára kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn ìyá wa sọ di ohun tí a fi ń wẹ ara. Èèpo èso ni wọ́n bó. Ti ènìyàn ni wọ́n tọ́jú.

Bí bíbó ṣe wọlé

Ọṣẹ òyìnbó kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ bíbó. Ilé iṣẹ́ Lever Brothers dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1923, epo ọ̀pẹ ilẹ̀ wa sì wà lára ohun tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ náà ń wẹ ara ni. Ohun tí ó mú bíbó wá wà níbòmíràn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran ní Amẹ́ríkà rí i pé ọwọ́ wọn ń di funfun ní abala-abala. Nígbà tí àwọn dókítà wádìí, wọ́n rí i pé ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ni ó fà á, nítorí kẹ́míkà kan tí ó jẹ́ ìbátan hydroquinone wà nínú rọ́bà náà. Ní ọdún 1939 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Àìsàn ibi iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ fi wọ inú ìpara tí a ń fi owó rà.

Iṣẹ́ hydroquinone ni láti dí ara lọ́wọ́ kí ó má baà ṣe èròjà dúdú tí ń dáàbò bo àwọ̀ wa lọ́wọ́ oòrùn. Bí ó bá pẹ́ lára, ó máa ń yí padà sí ẹni tí ń lò ó. Ní ọdún 1975, àwọn dókítà ní South Africa kọ nípa àwọn obìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, lẹ́yìn lílo irú ìpara bẹ́ẹ̀, ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì le. Mẹ́kúrì tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ó máa ń gba ojú awọ wọlé lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara inú oògùn tí dókítà ń fún ni fún ìgbà díẹ̀, bí a bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jiná. Ẹ̀yin náà ti rí i rí: ojú pupa, oríkèé ìka dúdú. Àwọ̀ oríkèé ìka nípọn, kì í gbà fún ìpara bọ̀rọ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò dákẹ́ sí i. Ní ọdún 1976, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé orin rẹ̀ tí ó pè ní Yellow Fever jáde, ó sì fi bú àwọn tí ń bóra. Ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀làjú, orúkọ àìsàn ni ó fi pè é.

Ọdún 1977 ní ojú ọ̀nà Badagry

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìlú tí mo ń gbé yìí gba orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, tí a mọ̀ sí FESTAC '77. Dakar ni wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1966. Àwọn ènìyàn dúdú wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50, ilé tí wọ́n sì kọ́ fún wọn láti dé sí ni ìlú Festac, tí àwọn ará ìlú wá ń gbé lẹ́yìn àjọ̀dún. Àmì àjọ̀dún náà ni ojú Ìyá Ọba Idia ti Benin, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní ọdún 1897, British Museum kò sì yá wa lò fún àjọ̀dún náà, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ní Benin. Bí ẹ bá wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àpá ilà méjì tí wọ́n fi irin sí. Ojú ayaba pẹ̀lú àmì tirẹ̀ ni a fi ṣe àmì ìgbéraga ènìyàn dúdú.

Fẹlá fúnra rẹ̀ kò bá wọn kópa nínú àjọ̀dún ọ̀hún. Ilé ijó tirẹ̀ ni ó ti ń ṣeré. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ọmọ ogun sun ilé rẹ̀, Kalakuta.

Ní ọdún 1977 kan náà, lójú ọ̀nà Badagry kan náà, wọ́n ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí a ń pè ní Trade Fair. Ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia ni ó kọ́ ọ. Àyè tí orílẹ̀-èdè yóò ti máa pàtẹ ọjà rẹ̀ fún ayé ni wọ́n fi í ṣe. Nígbà tí ó yá, ó di ọjà tí àwọn oníṣòwò Èkó ti ń ta ọjà òkè òkun ní páálí páálí, ohun ìṣaralóge sì wà lára ohun tí ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí mo ń rò nìyí nígbàkúùgbà tí mo bá gba ọ̀nà náà kọjá. Ìlú tí a kọ́ láti yin àwọ̀ dúdú wà níbí, ọjà tí a ti lè ra ohun tí a fi ń bó o wà lọ́hùn-ún, ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣí àwọn méjèèjì. Èmi kò dá àwọn oníṣòwò lẹ́bi. Ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè ni wọ́n ń tà. Ìbéèrè náà ni ó yẹ kí ó dùn wá.

Orí tábìlì ìyàwó mi

Ìbéèrè náà wọ ilé wa pẹ̀lú. Ìyàwó mi mú ọmọbìnrin wa lọ ra ìpara ní ọjà kan nítòsí. Ọmọ náà dúdú, ó jọ ìyá tí ó bí mi. Ẹni tí ń tajà wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí n po nǹkan díẹ̀ fún ọmọ yìí? Ara rẹ̀ á mọ́ sí i." Ìyàwó mi dáhùn pé, "Ara ọmọ mi ò dọ̀tí." Wọ́n kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ bi mí léèrè pé, "Dádì, ṣé dúdú mi ti pọ̀ jù ni?"

Mo sọ fún un pé adúmáadán ni, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ta ló ṣì ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwọn tí ń tà ní ọjà ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àwọ̀ ọmọ mi, wọ́n sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa wà nínú oríkì, oríkì sì ti di ohun tí a ń gbọ́ níbi ìnáwó nìkan.

Ìyàwó mi ni ó gbé ìgbésẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó da gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀ sórí ẹní, ó pe ọmọ, ó sì ní kí èmi máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ 34. Ó wo ọjọ́ tí ó wà lára wọn: 11 ti kọjá àkókò. Ó wo èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC tàbí tí kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é: 7. Ó wo èyí tí ó ṣèlérí láti yí àwọ̀ padà, bí ó ti wù kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó tó: 3. Ó kó 5 tí kò tíì ṣí fún àbúrò rẹ̀. Ó kù 8: ọṣẹ dúdú, òrí, àdín àgbọn, osùn, àtíkè kan, ìkuntè méjì àti pẹ́ńsùlù ojú kan. Ó ṣì ń ṣe oge, ó ṣì ń kun ètè rẹ̀ bí a bá ń lọ sí òde. Ohun tí ó yí padà ni pé ó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ohun tí ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe lára.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ lórí tìróò

Bí mo bá dúró síbí, ẹ lè rò pé ohun tí mo ń wí ni pé ti ìbílẹ̀ dára, ti òyìnbó burú. N kò wí bẹ́ẹ̀. Lára ohun 7 tí ìyàwó mi kó dànù nítorí pé wọn kò sọ ohun tí ó wà nínú wọn ni tìróò tí ó ti wà nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó da tìróò nù, ó fi ohun tí wọ́n ń rọ ọ́ sí pa mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òkúta dúdú tí wọ́n máa ń lọ̀ ṣe tìróò sábà máa ń jẹ́ òkúta òjé. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí ó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tí ó jẹ́ òjé. A kò tíì gbàgbé ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí eruku òkúta tí wọ́n fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá wa fi ń lé tìróò sójú ọmọ; ìfẹ́ náà ni ó yẹ kí ó mú wa jáwọ́ nínú rẹ̀.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àpòpọ̀ tí a ń tà nínú ike láìní orúkọ, tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀. Àwọn kan ń po hydroquinone tàbí ìpara inú oògùn mọ́ òrí àti ọṣẹ dúdú. NAFDAC ka mẹ́kúrì léèwọ̀ nínú ohun ìpara, kò sì fàyè gba hydroquinone tí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ; ẹni tí ń po ìpara ní ẹ̀yìnkùlé kò wọn nǹkan kan. Lórí mẹ́kúrì, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 fẹnu kò ní ọdún 2023 pé kí ohun ìṣaralóge kankan má ṣe ní i nínú mọ́ lẹ́yìn ọdún 2025. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá, tí àwọn kan ń fi pa ojú, bí oòrùn bá pàdé rẹ̀ lára, ó ń jó ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ lo ohun tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí, ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun ìpara wá, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ṣé ó ń kùn ni, tàbí ó ń bó? Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn méjèèjì, ẹ dá a padà, ìbáà jẹ́ láti Paris, ìbáà jẹ́ láti oko baba yín.

Ní ti àwọn ọmọ wa, ìpara nìkan kò tó. A ní láti dá àwọn ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu ọ̀nà, sí ibi oúnjẹ, sí orí fóònù tí a fi ń kí wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ọmọ mi ní adúmáadán nígbà tí ó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ó ń jẹ́ mi.

Bí ẹ bá mọ orúkọ ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn ní ẹ̀ka-èdè yín, yálà ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Kétu tàbí lọ́dọ̀ àwọn Àwórì tí ó ni ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ire o.